Ọwọ́ Tí Ó Kákò: Ìtọ́jú Iṣan Líle Láìlo Oògùn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tí iṣan wọn le lẹ́yìn àrùn rọpárọsẹ̀ mu rẹ́gí. Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, láti Òkèhò dé Kíṣí, ẹ ó rí bàbá tàbí ìyá kan tí ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí apá rẹ̀ kan ká mọ́ àyà, tí ìka rẹ̀ sì dì mọ́ àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni pé ó di owó mú. Àwọn ará ilé mìíràn a máa rò pé ọ̀rọ̀ ọwọ́ náà ti parí, wọn a sì pa á tì. Àwọn mìíràn a máa fi agbára nà án láràárọ̀ títí aláìsàn yóò fi ké. Ìpatì kò dára, ìfagbáranà kò sì dára.

Ẹ̀kọ́ yìí wà láti fi hàn yín pé ìtọ́jú tí kò ní oògùn nínú wà fún irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀, àti pé nínú ilé yín gan-an ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ẹ bá kà á tán, ẹ ó mọ:

(a) ohun tí ó ń mú kí iṣan le;
(b) àwọn ohun tí ń mú kí líle náà pọ̀ sí i;
(d) bí a ṣe ń tẹ́ aláìsàn, àti bí a ṣe ń la ọwọ́ tí ó dì;
(e) bí iṣẹ́ ojoojúmọ́ ṣe lè di ìtọ́jú;
(ẹ) ohun tí kò yẹ kí a ṣe, àti ìgbà tí ó yẹ kí a lọ sí ilé ìwòsàn.

KÍ NI Ó Ń MÚ KÍ IṢAN LE?

Ọpọlọ ni ọba lórí gbogbo iṣan ara. Bí a bá ṣàdéédé fa iṣan kan, iṣan náà a máa fà padà fúnra rẹ̀, nípa àṣẹ tí ó ń ti inú ọ̀pá ẹ̀yìn wá. Iṣẹ́ ọpọlọ ni láti kó ìfàpadà yìí níjàánu, kí ó má baà pọ̀ jù. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀, èyí tí àwọn kan ń pè ní ẹ̀gbà tàbí sítíróòkù, bá kọlu ènìyàn, ẹ̀jẹ̀ kò dé apá kan nínú ọpọlọ mọ́, tàbí kí iṣan ẹ̀jẹ̀ kan bẹ́ níbẹ̀. Apá ọpọlọ tí ó bàjẹ́ kò lè kó iṣan níjàánu mọ́. Ìyẹn ni pé ìjánu ẹṣin ti já.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ sábà máa ń rọ jọ̀ọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tàbí oṣù díẹ̀, líle a bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ìgúnpá a ká, ọrùn ọwọ́ a tẹ̀ wálẹ̀, àtàǹpàkò a wọ inú àtẹ́lẹwọ́, ìka yòókù a bò ó mọ́lẹ̀. Ní ti ẹsẹ̀, orúnkún a na gan-an, iwájú ẹsẹ̀ a sì máa tọ́ka sí ilẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí àrùn yìí mú ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí, ṣùgbọ́n nínú ènìyàn mẹ́wàá, ó lè tó méjì sí mẹ́rin tí yóò ní i.

Kì í ṣe àrùn rọpárọsẹ̀ nìkan ni ó ń fa iṣan líle. Ẹni tí ó fi orí gbá ilẹ̀ nínú ìjàǹbá ọ̀kadà, ẹni tí ó já lulẹ̀ lórí igi igbá tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ sì fara pa, àti ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti ní ìpalára láti ìgbà ìbí, gbogbo wọn ni irú rẹ̀ lè bá. Nítorí náà, ẹ má ṣe pe aláìsàn ní ọ̀lẹ tàbí olórí kunkun. Òun kọ́ ni ó di ọwọ́ rẹ̀. Ẹ má sì ṣe fi oṣù púpọ̀ ṣòfò níbi tí ẹ ti ń wá ẹni tí ó fi ọ̀rọ̀ náà rán an, nítorí pé oṣù ìbẹ̀rẹ̀ ni oṣù tí ó ṣe iyebíye jù fún ọwọ́ náà.

Ní ọdún 1980, oníṣègùn ará Ọsirélíà kan tí ń jẹ́ James Lance ṣe àlàyé kan tí gbogbo ayé ń lò títí di òní. Ó ní bí a bá ṣe yára fa irú iṣan bẹ́ẹ̀ tó ni yóò ṣe gbóògùn fà padà tó. Nínú àlàyé yìí ni òfin àkọ́kọ́ nínú ìtọ́jú ti jáde: Ẹ ṢE É PẸ̀LẸ́PẸ̀LẸ́. Iṣan tí a bá já gbà yóò jà. Iṣan tí a bá rọra bẹ̀ yóò tú.

Ohun kejì wà tí ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀. Bí ọwọ́ bá wà ní kíká fún ìgbà pípẹ́, iṣan fúnra rẹ̀ a súnkì, oríkèé a sì gan. Ẹ wo awọ ẹran tútù tí a ká tí a sì sá sí oòrùn. Nígbà tí ó ṣì tutù, a lè tú u. Nígbà tí ó bá gbẹ tán, kò sí bí a ṣe fẹ́ tẹ́ ẹ tí kò ní ya. Iṣan tí ó le ṣùgbọ́n tí kò tíì súnkì dà bí awọ tútù. Ohun tí a ń sá fún ni pé kí ó má gbẹ sí kíká.

Ẹ ṣàkíyèsí pé kì í ṣe gbogbo líle ni ó burú. Ẹsẹ̀ mìíràn wà tí ó jẹ́ pé líle rẹ̀ ni aláìsàn fi ń dìde dúró. Nítorí náà, ìbéèrè tí onímọ̀ ń kọ́kọ́ bi ni pé: kí ni líle yìí ń dí lọ́wọ́? Ṣé ìwẹ̀ ni? Ṣé aṣọ wíwọ̀ ni? Ṣé oorun ni? Ìdáhùn ìbéèrè yẹn ni a ó fi mọ ibi tí ìtọ́jú yóò ti bẹ̀rẹ̀.

ÌTỌ́JÚ NÍPA IṢẸ́ ṢÍṢE

Ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn kan wà tí ó gbà pé iṣẹ́ tí ènìyàn ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe lè tún ara rẹ̀ ṣe. Ní ọdún 1917 ni àwọn tí wọ́n ní ìgbàgbọ́ yìí kó ara wọn jọ ní Amẹ́ríkà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún un. Ní ilẹ̀ wa, ní ọdún 1945 ni ilé ìwòsàn egungun ti Igbóbì ní Èkó bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n ti ń tún àwọn ọmọ ogun tí wọ́n fara pa nínú Ogun Àgbáyé Kejì ṣe. Òṣòdì ní Èkó ni Ìjọba Àpapọ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ ìtọ́jú nípa iṣẹ́ ṣíṣe sílẹ̀ sí. Yunifásítì Ìbàdàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn onímọ̀ fisiotẹ́rápì ní ọdún 1966. Onímọ̀ fisiotẹ́rápì ń mójú tó bí ara ṣe ń rìn àti bí ó ṣe ń gbéra. Onímọ̀ ìtọ́jú nípa iṣẹ́ ṣíṣe ń mójú tó bí aláìsàn yóò ṣe wẹ̀, tí yóò jẹun, tí yóò wọṣọ, tí yóò sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀nà jìn láti Ṣakí sí Ìbàdàn, owó ọkọ̀ kò sì kéré. Ẹni tí ó bá lè rí onímọ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù yóò lo ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n yòókù nínú ilé. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ onímọ̀, kí ẹni tí ń tọ́jú aláìsàn nílé bá a lọ, kí ó wo ohun tí wọ́n ń ṣe, kí ó sì ṣe é lójú wọn kí ó tó padà.

Ẹ KỌ́KỌ́ WÁ OHUN TÍ Ń TỌ́ IṢAN NÍJÀ

Bí ọwọ́ tí ó ti ń rọ̀ bọ̀ bá ṣàdéédé le sí i, ẹ má ṣe yára fà á. Ẹ wo gbogbo ara aláìsàn ná. Ohun kan ni ó sábà máa ń dùn ún níbòmíràn, àní bí òun fúnra rẹ̀ kò bá tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Ẹ yẹ nǹkan wọ̀nyí wò:

(a) Ṣé ó ti pẹ́ tí ó yàgbẹ́ kẹ́yìn?
(b) Ṣé ìtọ̀ kún inú rẹ̀, tàbí ìtọ̀ náà ń ta á, tí ó sì ń rùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ?
(d) Ṣé ibà ń ṣe é?
(e) Ṣé egbò wà ní ìdí, ní ìbàdí tàbí ní gìgísẹ̀ rẹ̀?
(ẹ) Ṣé èékánná ti wọ ẹran àtẹ́lẹwọ́ tàbí ti ọmọ ìka ẹsẹ̀?
(f) Ṣé aṣọ, bàtà tàbí okùn ṣòkòtò fún un jù?
(g) Ṣé òtútù ń mú un? Nígbà ọyẹ́, iṣan a máa le ju ti ìgbà òjò lọ.
(gb) Ṣé ẹ̀rù ń bà á, tàbí inú ń bí i?

Bí a bá yanjú èyí tí a bá rí nínú wọn, ọwọ́ náà lè rọ̀ láìjẹ́ pé a fọwọ́ kàn án. Aṣọ òtútù, ibọ̀sẹ̀ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ jẹ́ ìtọ́jú nígbà ọyẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọwọ́ ara yín tọ́ omi náà wò kí ẹ tó lò ó. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ tí àrùn yìí mú kì í mọ gbígbóná mọ́, omi sì lè bó awọ rẹ̀ kí aláìsàn tó mọ̀.

BÍ A ṢE Ń TẸ́ ALÁÌSÀN

Wákàtí tí aláìsàn fi ń dùbúlẹ̀ àti èyí tí ó fi ń jókòó pọ̀ ju wákàtí ìtọ́jú lọ. Bí a bá tẹ́ ẹ dáadáa, àní nígbà tí ó ń sùn, ìtọ́jú ń lọ lọ́wọ́.

(a) Bí ó bá fi ẹ̀gbẹ́ tí kò yá dùbúlẹ̀: ẹ rọra fa abẹ́ èjìká rẹ̀ síwájú kí ó má baà fi gbogbo ara tẹ oríkèé náà. Kí apá náà wà ní nínà síwájú, kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sókè.

(b) Bí ó bá fi ẹ̀gbẹ́ tí ó yá dùbúlẹ̀: ẹ gbé ìrọ̀rí síwájú àyà rẹ̀, kí ẹ sì tẹ́ apá tí kò yá lé e láti èjìká dé ìka. Ọwọ́ kò gbọdọ̀ rọ̀ wálẹ̀ ní etí ìrọ̀rí.

(d) Bí ó bá dùbúlẹ̀ ní ẹ̀yìn: kí ìrọ̀rí pẹlẹbẹ wà lábẹ́ èjìká àti apá náà. Kí a má fi í sílẹ̀ báyìí pẹ́.

(e) Bí ó bá jókòó: kí ó jókòó sí àga tí ó ní ẹ̀yìn, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, kí apá tí kò yá sì wà lórí tábìlì tàbí lórí ìrọ̀rí ní itan rẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ lílà. Àpótí kékeré tí ó lọ sílẹ̀ kò dára fún un.

Ẹni tí kò bá lè yí ara padà fúnra rẹ̀, kí a máa yí i ní wákàtí méjì méjì. Bí kò bá sí ìrọ̀rí, ẹ ká aṣọ àdìrẹ tàbí ìró àtijọ́, ẹ sì dì í bí ìrọ̀rí.

BÍ A ṢE Ń LA ỌWỌ́ TÍ Ó DÌ

Ìdí tí ó fi yẹ kí a máa la ọwọ́ yìí lójoojúmọ́ ni ìmọ́tótó. Àtẹ́lẹwọ́ tí kò rí afẹ́fẹ́ a máa làágùn, a máa rùn, awọ rẹ̀ a máa bó, èékánná a sì gún un di egbò. Ọ̀nà tí a ń gbà là á nìyí:

1. Kí aláìsàn jókòó, kí apá rẹ̀ wà lórí tábìlì tàbí ìrọ̀rí. Ẹ sọ fún un kí ẹ tó fọwọ́ kàn án: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ la ọwọ́ yín." Ẹni tí a bá bá lójijì yóò le sí i.

2. Ẹ fi ọwọ́ kan gbá ìgúnpá rẹ̀ mú, ẹ sì rọra na apá náà dé ibi tí ó bá gbà.

3. Ẹ tẹ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀, kí àtẹ́lẹwọ́ súnmọ́ ìsàlẹ̀ apá. Ẹ ó rí i pé ìka yóò tú díẹ̀ fúnra wọn.

4. Ẹ di àtàǹpàkò mú ní ìdí rẹ̀, níbi tí ẹran wà, kí ẹ sì rọra gbé e jáde. Ẹ má ṣe fà á ní orí.

5. Ẹ la ìka mẹ́rin yòókù pọ̀ láti ìdí wọn. Ẹ má ṣe ká wọn sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

6. Pẹ̀lú ìka ní lílà, ẹ rọra gbé ọrùn ọwọ́ sókè títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n pé iṣan ń fà. Ẹ dúró síbẹ̀, kí ẹ sì ka oókan dé ọgọ́ta. Bí ó bá ń dùn ún, ẹ ti kọjá ààlà. Ẹ sọ̀ ọ́ díẹ̀.

7. Ẹ fi omi àti ọṣẹ wẹ àtẹ́lẹwọ́ àti àárín ìka, ẹ nù ún gbẹ, ẹ gé èékánná, ẹ sì wo awọ náà dáadáa. A lè fi òrí díẹ̀ pa ẹ̀yìn ọwọ́ tí ó gbẹ, ṣùgbọ́n kí a má fi í sínú àtẹ́lẹwọ́ tí ó ti ń rin.

IṢẸ́ NI KÓKÓ ÌTỌ́JÚ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí a bá ti ń na ọwọ́ láràárọ̀ àti lálaalẹ́, ó parí. Ní ọdún 2017, àwọn olùwádìí ẹgbẹ́ Cochrane kó ìwádìí mọ́kàndínláàádọ́ta jọ lórí ọ̀rọ̀ nínà yìí, èyí tí ènìyàn 2,135 kópa nínú wọn. Ohun tí wọ́n rí ni pé nínà nìkan, bí a bá tilẹ̀ ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kì í mú kí oríkèé là tó bí a ti ń retí. Kì í ṣe pé kí ẹ má la ọwọ́ mọ́: ìmọ́tótó àti ìrọ̀rùn ṣì ń fẹ́ ẹ. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé nínà jẹ́ ìpalẹ̀mọ́. Bí a bá la ọwọ́ tán tí a kò fún un ní iṣẹ́, yóò padà sí ibi tí ó ti wá. Ìdí ni pé ọpọlọ tí ó ṣẹ́kù ń kọ́ ẹ̀kọ́ lára ohun tí a ń ṣe léraléra. Ohun tí aláìsàn bá gbìyànjú láti ṣe fúnra rẹ̀ ń kọ́ ọpọlọ ju èyí tí ẹlòmíràn bá bá a ṣe lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ahunṣọ kan ní Ìsẹ́yìn ṣe àpẹẹrẹ. Ká sọ pé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni àrùn mú, tí ó lè gbé apá díẹ̀, ṣùgbọ́n tí ìka rẹ̀ ń dì. Báyìí ni ọjọ́ rẹ̀ ṣe lè lọ:

Ní òwúrọ̀, nígbà tí ó bá fẹ́ ṣe àlùwàlá tàbí kí ó bọ́jú, kí ọwọ́ òsì wẹ ọ̀tún, kí ọ̀tún náà sì gbìyànjú láti wẹ òsì, bí ó ti wù kí ó kéré mọ. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Bí ó bá fẹ́ wọ bùbá, kí ó kọ́kọ́ ki apá tí kò yá bọ̀ ọ́. Bí ó bá fẹ́ bọ́ ọ, kí ó kọ́kọ́ yọ apá tí ó yá.

Nígbà oúnjẹ, ẹ tẹ́ aṣọ tútù sábẹ́ àwo kí ó má baà máa yọ̀. Kí ó fi ọwọ́ tí kò yá di etí àwo mú nígbà tí èkejì ń bu oúnjẹ. Ẹ lè fi rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ wé ọwọ́ ṣíbí kí ó nípọn, kí ọwọ́ tí ń dì lè rí i gbámú. Alágbẹ̀dẹ náà lè tẹ ọrùn ṣíbí sí ibi tí ó bá ọwọ́ náà mu. Ní àkókò yìí, bí bàbá bá fi òsì jẹun tàbí tí ó fi òsì na nǹkan sí ènìyàn, kí ẹnikẹ́ni má kà á sí àfojúdi. Ọ̀pọ̀ àgbà ni kì í jáde sí àwùjọ mọ́ nítorí ìtìjú ọwọ́ òsì. Ẹ bá wọn ṣàlàyé fún àwọn àlejò.

Lẹ́yìn èyí, ó kan òwú. Kò ní padà sórí òfì lọ́jọ́ kan. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ó tẹ́ ọwọ́ tí kò yá lé òwú lórí tábìlì láti fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, nígbà tí ọwọ́ kejì ń tú ibi tí ó ta kókó. Nígbà tí ó bá yá, kí ó máa di òwú mú kí ó sì máa jù ú sílẹ̀, léraléra. Jíjù sílẹ̀ ni iṣẹ́ tí ó ṣòro jù fún ọwọ́ yìí, òun ni kí ó sì fi kọ́ra jù. Lẹ́yìn náà, kí ó jókòó sí ìdí òfì kí ó máa fi ẹsẹ̀ tẹ ìtẹ̀sẹ̀, kí ọmọ iṣẹ́ máa ju ọ̀kọ̀ fún un. Ìgbẹ̀yìn ni kí òun fúnra rẹ̀ tó gbìyànjú ọ̀kọ̀. Àwọn kan yóò dé ibẹ̀, àwọn kan kò ní dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó padà sí ìdí òfì láti kọ́ ọmọ iṣẹ́ ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ní ti àwọn ìyá, ẹ̀wà ṣíṣà, ẹ̀gúsí bíbó, àgbàdo yíyìn àti igbá dídìmú jẹ́ iṣẹ́ tí ó dára. Kí wọ́n yẹra fún ọ̀bẹ àti iná títí ọwọ́ yóò fi ní ìmọ̀lára.

Kí a ṣe é fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ní ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún lójúmọ́. Bí ọwọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dì, kí a sinmi, kí a là á, kí a tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ̀rù pé agbára tí iṣan ń ní yóò mú kí ó le sí i. Ìwádìí ti fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀.

ỌNÀ MÉJÌ MÌÍRÀN

Èkíní ni dídí ọwọ́ tí ó yá lọ́wọ́. Edward Taub ti Yunifásítì Alabama ní Amẹ́ríkà ni ó gbé ọ̀nà yìí kalẹ̀. A ó fi ìbọ̀wọ́ bo ọwọ́ tí ó yá, kí ó lè di dandan fún èyí tí kò yá láti ṣiṣẹ́. Ní ọdún 2006, àbájáde ìwádìí kan tí ènìyàn 222 kópa nínú rẹ̀ jáde. Àwọn tí wọ́n ṣe é fún ọ̀sẹ̀ méjì lo ọwọ́ wọn dáadáa ju àwọn yòókù lọ, àǹfààní náà sì wà lára wọn fún ọdún kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti lè gbé ọrùn ọwọ́ àti ìka sókè díẹ̀ nìkan ni ó wà fún. Kí onímọ̀ yẹ aláìsàn wò ná. Ẹni tí ń fi ọwọ́ tí ó yá ti ọ̀pá kò gbọdọ̀ ṣe é nígbà tí ó bá ń rìn.

Èkejì ni dígí. Ẹ gbé dígí dúró láàárín apá méjèèjì, kí ọwọ́ tí kò yá wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí aláìsàn máa wo ọwọ́ tí ó yá nínú dígí bí ó ti ń là tí ó sì ń pàdé, kí ó sì máa gbìyànjú kí èyí tí ó pamọ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Lójú ọpọlọ, àfi bí ẹni pé ọwọ́ méjèèjì ni ó ń ṣiṣẹ́. Ìwádìí ti fi hàn pé ó ń ran ọwọ́ lọ́wọ́ láti gbéra.

PÁTÁKÓ ÌDÌWỌ́ ÀTI Ẹ̀RỌ ẸSẸ̀

Onímọ̀ lè ṣe pátákó pẹlẹbẹ tí a fi ń di ọwọ́ mú ní lílà, pàápàá nígbà tí èékánná bá ti ń wọ ẹran. Gbogbo ènìyàn kọ́ ni ó nílò rẹ̀, kò sì rọ́pò iṣẹ́. Bí wọ́n bá fún yín, ẹ tú u lẹ́yìn wákàtí kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kí ẹ wo awọ. Bí ibì kan bá pọ́n tàbí tí ìka bá wú, ẹ dá a padà fún ẹni tí ó ṣe é. Ẹ má ṣe fi igi àti okùn ṣe irú rẹ̀ fúnra yín.

Ní ti ẹsẹ̀, kí aláìsàn máa dìde dúró lójoojúmọ́, kí ó di fèrèsé tàbí òpó mú, kí gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀, kí ẹnì kan sì dúró tì í. Kí ó máa ti ọ̀pá ní ọwọ́ tí ó yá. Ẹni tí iwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́lẹ̀ lè nílò ẹ̀rọ tí a ń wọ̀ sínú bàtà láti gbé e sókè. Ilé ìwòsàn ni a ti ń wọ̀n ọ́n.

OHUN TÍ KÒ YẸ KÍ A ṢE

(a) Ẹ má ṣe fa aláìsàn dìde ní apá tí kò yá, ẹ má sì ṣe gbé e ní abíyá. Èjìká rẹ̀ lè yẹ̀.
(b) Ẹ má ṣe já ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbà, ẹ má sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.
(d) Ẹ má ṣe sín gbẹ́rẹ́ sí ibi tí ó le, ẹ má sì fi omi híhó jó o. Egbò yóò mú kí iṣan le sí i.
(e) Ẹ má ṣe dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà fún un dúró. Àkọlé ẹ̀kọ́ yìí sọ pé "láìlo oògùn," ṣùgbọ́n líle iṣan ni a ń bá wí. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó ń dènà kí àrùn rọpárọsẹ̀ má tún padà wá.

Ẹ SÁRÉ LỌ SÍ ILÉ ÌWÒSÀN BÍ:

(a) ẹnu bá ṣàdéédé wọ́, tí apá tàbí ẹsẹ̀ bá ṣàdéédé rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ bá ṣàdéédé lọ́. Wákàtí kọ̀ọ̀kan ṣe pàtàkì;
(b) ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá gan tí ẹ̀yìn sì ń tẹ̀ lẹ́yìn ọgbẹ́ irin tàbí ẹ̀gún. Ó lè jẹ́ àrùn tẹ́tánọ́ọ̀sì;
(d) ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bá wú, tí ó gbóná, tí ó sì ń dùn ún;
(e) egbò bá wà nínú àtẹ́lẹwọ́ tàbí ní ìdí.

SÍ ẸNI TÍ Ń TỌ́JÚ

Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ẹ má ṣe fi gbogbo iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún ìyàwó tàbí ọmọbìnrin kan ṣoṣo. Kí ìdílé pín in: ẹnì kan fún ìwẹ̀ òwúrọ̀, ẹnì kan fún iṣẹ́ ọ̀sán, ẹnì kan fún títẹ́ ní alẹ́. Àwọn ọmọdé náà lè bá bàbá àgbà ṣa ẹ̀wà. Ẹni tí ó bá sì ń tọ́jú gbọdọ̀ rí àyè sinmi, kí òun náà má baà dùbúlẹ̀.

ÀKÓTÁN

Iṣan tí ó le kò fẹ́ ìjà. Ó fẹ́ kí a wá ohun tí ń tọ́ ọ níjà, kí a tẹ́ ẹ dáadáa, kí a rọra là á, kí a sì fún un ní iṣẹ́ tí ó mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lónìí, kí awọ náà tó gbẹ.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín iṣan tí ó le àti iṣan tí ó ti súnkì?
2. Dárúkọ ohun márùn-ún tí ó lè mú kí ọwọ́ ṣàdéédé le sí i.
3. Kí nìdí tí a fi ń tẹ ọrùn ọwọ́ wálẹ̀ kí a tó la ìka?
4. Kí ni ìwádìí ọdún 2017 kọ́ wa nípa nínà nìkan?
5. Iṣẹ́ wo ni aláìsàn inú ilé yín fẹ́ràn kí àrùn tó dé? Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ wo nínú iṣẹ́ náà ni ó lè ṣe ní ọ̀sẹ̀ yìí?